Ọjọ́ Tí Mo Lọ Kó Ẹrù Mi Nílé Jàbárù

Ara mi le lọ́jọ́ náà. Ebi ò pa mí, oorun ò kùn mí, mi ò sì lo oògùn kankan. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé ohun tí gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún máa ń bi mí nìyẹn, wọ́n á sì máa wò mí bíi pé kí wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ó gbóná. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ, mi ò bù kún un. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, mi ò ní bá a jà.

Ìdáyátù lorúkọ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, aṣọ ni mò ń rán. Jàbárù lorúkọ ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Ọmọ Ìwó ni, iṣẹ́ àjà ilé ló ń ṣe, àwọn àjà funfun olódòdó tí àwọn olówó máa ń ṣe sí pálọ̀. Ẹbí ti mọ ẹbí, wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì wa sí ẹ̀yìn ààwẹ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ ló háyà lẹ́yìn ilé ńlá kan nínú ẹ̀sítéètì kan ní Lokogoma. Èmi ń gbé ní Kabusa lọ́dọ̀ Àǹtí Ràṣídátù, àbúrò ìyá mi. Máṣíìnì oníná ni mo fi ń ránṣọ, iná Kabusa kò sì ṣeé gbọ́kàn lé, ni Jàbárù bá ní kí n gbé máṣíìnì wá sọ́dọ̀ òun. Mo gbé e lọ. Lẹ́yìn máṣíìnì, aṣọ mi tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn aṣọ, ìkòkò ọbẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti ń gbé ibẹ̀.

Jàbárù kò lù mí rí, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní. "Jókòó." Bí mo bá dìde pé kí n lọ ra òwú, á ní, "Jókòó, màá rà á bọ̀." Bí oníbàárà bá ní kí n wá wọn òun nílé, á ní, "Jókòó, kó wá bá ẹ níbí." Bí oníbàárà náà bá sì wá, á ti sọ fún mẹ́gáàdì pé kó má ṣí géètì fún un. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi máa ń sọ ọ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ. Mo jókòó títí ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìrìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń fi apá sára aṣọ kan, mo kàn gbójú sókè wo ilẹ̀kùn, mo sì dìde. Ó bi mí láti inú yàrá pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní, "Mò ń bọ̀," bí gbogbo wa ṣe máa ń wí tí a bá ń jáde. Mo ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì, mi ò mú nǹkan kan dání, mi ò sì padà.

Àǹtí Ràṣídátù ò bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ẹrù rẹ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́hùn-ún, mà."

"Ìwọ náà ṣì wà lọ́hùn-ún nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá ní obìnrin kan ti fi ọkùnrin sílẹ̀, ohun táwọn àgbà máa kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá ó kó ẹrù. Bí kò bá kó ẹrù, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní inú ló ń bí i, ó ń padà bọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo ń sún un síwájú. Ká sọ̀rọ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá tún débẹ̀, tó ní kí n jókòó, màá jókòó.

Àlùmọ́gàjí ìyá mi ni kò jẹ́ kí n sinmi. Máṣíìnì ṣeé rà, aṣọ ṣeé rán. Àmọ́ ìyá mi ti kú, àlùmọ́gàjí tó fi gé aṣọ láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún mi. Ó fi àjákù aṣọ pupa wé ibi tí wọ́n ń dì mú lára rẹ̀ kó má baà máa bó òun lọ́wọ́, òógùn rẹ̀ sì ti sọ aṣọ náà di dúdú. Mi ò lè fi ìyẹn sílẹ̀ sílé Jàbárù.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni Bùkúnmi ti pè mí lórí fóònù. Oníbàárà mi ni, inú ọgbà ilé yẹn náà ló ń gbé. Ó ń bínú.

"Àǹtí Ìdáyátù, kí ni mo ṣe fún yín?"

"Kí ló dé?"

"Mo kan ilẹ̀kùn yín lánàá. Mo ń gbọ́ máṣíìnì. Ẹ fi pínnì sẹ́nu dá mi lóhùn, ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀. Mo dúró títí, ẹ ò jáde."

Mo ní Kabusa ni mo wà lánàá. Ó ní kò burú, ó sì gé fóònù. Mo ronú pé ó ṣi ilé kàn ni. Lọ́jọ́ kejì, mo pe Jàbárù pé mo fẹ́ wá kó ẹrù mi.

"Ẹrù tí ò ń lò lójoojúmọ́," ó ní, "ibo lo fẹ́ kó o lọ?"

Mo rò pé ó kàn ń wá ọ̀nà tí mi ò fi ní kó o ni. Mo ní mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ó ní òun máa wà níbi iṣẹ́ ní Kado. Mo rò pé á fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ mẹ́gáàdì.

Bọ̀dá Òjó ló gbé mi lọ. Ọmọ Òkèhò ni, kẹ̀kẹ́ Nápẹ́pù ló ń wà láàárín Kabusa àti Lokogoma. Ó jù mí lọ dáadáa, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. A gbéra lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Ọyẹ́ mú, eruku bo oòrùn, ètè mi sì ti là kí a tó dé géètì.

Mẹ́gáàdì wọn, Màlámù Hárúnà, ti gbé Ṣakí rí, ó gbọ́ Yorùbá tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Sànnu, màdáámù."

"Sànnu, Màlámù. Mo wá gba kọ́kọ́rọ́."

Ó wò mí. Ó wo kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́yìn mi.

"Kai. Ibo ni o gbà jáde?"

"Jáde nígbà wo?"

"Mo wà níbí láti àárọ̀. O kò kọjá."

"Màlámù, ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àárọ̀ yìí ni mo kí ọ lójú fèrèsé. O ń rán aṣọ." Nígbà tó rí i pé mi ò bá òun rẹ́rìn-ín, ó yíjú wo fèrèsé náà. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ òun, ọ̀gá kò ti ilẹ̀kùn, ọ̀gá ní ìyàwó wà nílé. Ó ṣí géètì fún mi, ó sì sún sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ kí n lè kọjá.

Mo rò pé mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Jàbárù ti mú obìnrin mìíràn wálé, ìyẹn sì ti jókòó ti máṣíìnì mi. Inú bí mi dé góńgó. Ìbínú yẹn ló gbé mi dé ẹnu ilẹ̀kùn, nítorí ká ní mo fara balẹ̀ rò ó ni, èmi àti Bọ̀dá Òjó ni à bá jọ yí kẹ̀kẹ́ padà.

Iná ti lọ ní gbogbo ẹ̀sítéètì. Kò sí jẹnẹrétọ̀ kan tó ń ké, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí níbẹ̀. Bí mo ṣe ń rìn, mò ń gbọ́ sílípáàsì mi lórí òkúta wẹ́wẹ́. Mo sì ń gbọ́ máṣíìnì kan tó ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ ọ́n. Bẹ́líìtì rẹ̀ ti gbó, tó bá yípo á sín kẹ̀ẹ́, á tún máa lọ. Máṣíìnì mi ni, kò sì sí iná tó lè gbé e yí.

Bàbá mi ló kọ́ wa pé a kì í wọlé láìsálámà. Ilé ì báà ṣófo, ká sálámà, kí àlàáfíà ṣáájú ẹni wọlé. Mo ti ilẹ̀kùn, ẹnu mi sì ti sọ ọ́ kí n tó rántí pé mò ń bínú.

"Àsàláàmù aléékùm."

Máṣíìnì dákẹ́.

"Wa aléékùm sàláàm," ẹnì kan dáhùn láti inú.

Ó fi pínnì sẹ́nu. Gbogbo aránṣọ la mọ bí ohùn ṣe máa ń rí nígbà tí èèyàn bá fi ètè di pínnì mú, tó sì tún fẹ́ sọ̀rọ̀. Ohùn mi ni. Kì í ṣe ohùn tó jọ tèmi. Mo máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà lórí Wáásáàpù, mo sì máa ń tún un gbọ́, mo mọ bí tèmi ṣe ń dún.

Kò sí ẹnì kankan ní pálọ̀. Táyà máṣíìnì ṣì ń yí, ó ń yí díẹ̀díẹ̀, ó dúró. Lórí àpótí tí mo máa ń jókòó lé, tìmùtìmù tó wà níbẹ̀ ti tẹ̀ wọnú. Mo dúró tì í, mo ń wò ó bó ṣe ń wú bọ̀ sípò. Aṣọ tí mo fi sílẹ̀ wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Apá tí mi ò rán tán ti wà lára rẹ̀. Mo yí inú rẹ̀ síta. Ọ̀gá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́ wa pé tí a bá dé abẹ́ abíyá, ká padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì kó má baà já. Ẹni tó rán an padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbínú mi tán níbẹ̀. Ẹ̀rù ló kù. Ẹsẹ̀ mi ní kí n sá, àmọ́ mo mọ̀ pé bí mo bá sá lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní tún padà, ẹrù mi á sì wà níbẹ̀ títí ayé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Mo kó aṣọ sínú àpò, mo kó òwú, mo kó ìkòkò, mo ká ẹní ìkírun mi. Ẹnu mi ń ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, mo sì ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn. Mo wá àlùmọ́gàjí lórí tábìlì, kò sí. Mo wá a lábẹ́ tábìlì, kò sí. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ. Ẹnì kan ń ṣí i, ó ń pa á dé, nínú yàrá. Ṣáà. Ṣáà.

Mo gbé kọ́tìnì sókè.

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Híjáàbù aláwọ̀ ilẹ̀ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo kúrò ló wọ̀. Híjáàbù yẹn wà ní Kabusa, orí ìṣó ló wà nígbà tí mò ń jáde. Mo mọ àmì epo tó wà léjìká rẹ̀. Àmì náà wà níbẹ̀.

"Mo wá gba ẹrù mi," mo ní. Ohùn mi kéré.

"Mo mọ̀."

"Ó ku àlùmọ́gàjí."

Kò yíjú. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ojú àlùmọ́gàjí tó mú dání, ó kọ ibi tí aṣọ wà sí mi, bí ìyá mi ṣe kọ́ wa pé ká máa fún èèyàn ní nǹkan olójú mímú. Mo gbà á. Aṣọ tí ìyá mi wé mọ́ ọn lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Jókòó díẹ̀," ó ní.

Pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́. Wọn kì í wọlé èèyàn kí wọ́n kọ ìjókòó, ẹ̀kọ́ ilé ni, orúnkún mi sì ti ń tẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Mo rí i pé bí mo bá jókòó síbẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀yàtọ̀ mọ́, èmi gan-an ò ní mọ̀ ọ́n.

"Mo dúpẹ́," mo ní. "Ẹnì kan ń dúró dè mí."

Ó tẹ́ ọwọ́ sórí àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta ló máa wá jókòó?" ó bi mí.

Ohun tó bi mí yẹn ṣe mí láàánú. Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Bí ẹni tó ti rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, ẹni tí kò mọ̀ pé èèyàn lè dìde. Mo fi ẹ̀yìn rìn jáde, kọ́tìnì sì bọ́ padà sáàárín wa. Nígbà tí mo dé pálọ̀, mo wo àpótí ìjókòó náà. Tèmi ni, owó mi ni mo fi rà á. Mo fi í sílẹ̀ fún un.

Mo gbé máṣíìnì. Irin ni, ó máa ń fa ẹ̀yìn mi ya, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn kò wúwo. Mo rò pé ìbẹ̀rù ló fún mi lágbára. Bọ̀dá Òjó wá pàdé mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wọlé lọ kó èyí tó kù, ó tò ó sínú kẹ̀kẹ́. Ó wá dúró, kò gun kẹ̀kẹ́.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ìkejì rẹ ò ní tẹ̀ lé wa ni?"

"Ìkejì wo?"

"Ẹni tí ẹ jọ gbé máṣíìnì jáde."

Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo ní, "Rárá o. Ibẹ̀ ló ń gbé." Ó mi orí, ó sì ṣáná sí kẹ̀kẹ́. Màlámù Hárúnà ti ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu. Kò kí mi pé ó dàbọ̀. Fèrèsé pálọ̀ lẹ́yìn wa ló ń wò.

Nígbà tí a kọjá géètì yẹn, nǹkan kan tú sílẹ̀ láyà mi. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, Bọ̀dá Òjó ò sì bi mí léèrè. Ọ̀nà Kabusa gbá wa sókè, ó gbá wa sílẹ̀, ìkòkò ń kọ lu ìkòkò, eruku kún ẹnu mi, mo sì gbádùn gbogbo rẹ̀. Mo ra àkàrà kósáì gbígbóná létí títì, èmi pẹ̀lú Bọ̀dá Òjó jẹ ẹ́ lórí ìrìn. Ó ti pẹ́ tí oúnjẹ ti dùn mọ́ mi lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Mo di àlùmọ́gàjí ìyá mi mú sórí itan dé ilé.

Àǹtí Ràṣídátù wo ẹrù náà bí a ṣe ń já a sílẹ̀.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí?"

"Ó ku àpótí ìjókòó kan, mà. Mo fi í sílẹ̀."

"Fún ta ni?"

Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Kò dá mi dúró, kò sì ní mò ń ṣèrànrán. Ó lọ gbé híjáàbù aláwọ̀ ilẹ̀ kúrò lórí ìṣó, ó fọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn ní ọjọ́ kejì, ó sì fi í tọrẹ. Láti ọjọ́ yẹn, kò bi mí ní ọ̀rọ̀ náà mọ́. Mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí ọmọ tuntun.

Mo ti gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí báyìí. Bí iná bá wà, mo fi máṣíìnì rán. Bí kò bá sí, mo fọwọ́ ṣẹ́tí aṣọ. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde, èmi náà ń jáde nígbà tó bá wù mí, mo máa ń dìde láìnídìí nígbà mìíràn, kí n kàn lè rìn dé títì kí n padà. Ààwẹ̀ ti wá, ó ti lọ. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún yìgì wa kọjá, aṣọ ọdún àwọn ẹlòmíràn ni mò ń rán.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Jàbárù fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́.

"Ìdáyátù. Mo mọ̀ pé pálọ̀ lo wà, yàrá ni èmi wà. O ò dá mi lóhùn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi èyí ránṣẹ́. Mo ti sọ fún ẹ pé mo ti ṣẹ̀. Mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ láyé mi. Jọ̀ọ́, dìde. Dìde kí o jẹun. Dìde kí o sùn. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, Ìdáyátù, dìde."

Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, mò ń gbọ́ máṣíìnì kan tó ń ṣiṣẹ́. Ó ń lọ, ó sín kẹ̀ẹ́, ó tún ń lọ. Kò dúró rárá.

Mo fọwọ́ kan máṣíìnì mi. Mo ti fi aṣọ bò ó láti àárọ̀ nítorí pé iná kò sí. Ó tutù.

Jàbárù ṣe mí láàánú, mi ò ní parọ́. Àmọ́ inú mi dùn. Inú mi dùn gan-an pé èmi kọ́ ni mo wà lọ́hùn-ún. Mo pa ohùn náà rẹ́, mi ò fèsì.

Ìgbà náà ni oníbàárà kan kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. "Ìdáyátù, ṣé o wà nínú?"

Mo kọ́kọ́ dìde ná, kí n tó dáhùn.